Ta Ni Ó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Wọ Pápá? Rírú Òfin àti Àríyànjiyàn lórí Ẹ̀tọ́ Ìkópa nínú Ìdíje Àwọn Ẹgbẹ́ Onílù àti Onífèrè Idẹ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Kò sí ìdíje tí kò ní òfin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí a kò rí ẹni tí ó rú u rí. Síbẹ̀, gbogbo ìrúfin kọ́ ni ó rí bákan náà. Òmíràn wà tí àwọn ènìyàn bínú sí lónìí, tí ó sì di òfin tuntun lọ́la. Òmíràn sì wà tí àádọ́ta ọdún kò lè pa ìtìjú rẹ̀ rẹ́. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi ìtàn àwọn ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè idẹ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáhùn nínú iṣẹ́ yìí.

Drum corps ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọmọ Boys' Brigade tí wọ́n ń fi ìlù àti fèrè yan ní ìgboro wa ti rí ohun tí ó fara jọ ọ́. Ìlù, fèrè idẹ àti àsíá ni ohun èlò wọn. Kò sí àyè fún kílárínẹ́ẹ̀tì tàbí sasofóònù. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń ṣeré. Bí orin ti ń lọ ni wọ́n ń yan, tí wọ́n sì ń fi ìtò ara wọn ya onírúurú àwòrán sórí koríko, àwọn adájọ́ a sì fún wọn ní máàkì.

Ìbéèrè mẹ́ta ni àríyànjiyàn inú ìtàn wọn rọ̀ mọ́. Kí ni a lè gbé wọ pápá? Ta ni ó lè kópa? Ta ni ó sì yẹ kí a fa àwọn ọ̀dọ́ lé lọ́wọ́? Èrò wa ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìkẹta ni ó wúwo jù, òun náà sì ni ó pẹ́ jù kí ó tó rí àfiyèsí tí ó tọ́ sí i.

Lábẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní ọdún 1918, àwọn ọmọ ogun tí ó padà sílé dá ẹgbẹ́ American Legion sílẹ̀ ní ọdún 1919. Ẹgbẹ́ yìí àti Veterans of Foreign Wars, tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílù, wọ́n sì ń ṣètò ìdíje níbi àpéjọ wọn. Ojú ológun ni wọ́n fi gbé òfin kalẹ̀. Wọ́n ń yẹ bàtà àti aṣọ wò; wọ́n ní ìlànà lórí bí a ṣe ń gbé àsíá orílẹ̀-èdè; àwọn adájọ́ sì ń rìn káàkiri láàrin àwọn òṣèré lórí pápá, wọ́n ń wá àṣìṣe. Bí ọ̀pá ìlù kan bá dún ṣáájú èkejì, tàbí tí ẹsẹ̀ kan yà kúrò lórí ìlà, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì. Ètò ayọmáàkì yìí kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìparí ìdíje ọdún 1983.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá dá ohun tuntun sílẹ̀ kò ní èrè púpọ̀. Ewu ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ẹni tí ó ṣe bí ti àná láìṣàṣìṣe ni ó ń borí.

Ìrúfin tí ó di òfin

Ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ Cavaliers ti Chicago gbé eré tí ó dá lórí sákọ́ọ̀sì wọ pápá. Ní ọdún kan náà, Garfield Cadets ti ìpínlẹ̀ New Jersey fi ìtò ara wọn ya àmì àlàáfíà, nígbà tí ogun Vietnam ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí irú eré bẹ́ẹ̀ kò fi bá ojú ológun mu. Ẹ̀dùn mìíràn tún wà: àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń làágùn lórí pápá kò ní ohùn nínú ṣíṣe òfin, owó tí ó sì ń kàn wọ́n kò tó nǹkan. Nítorí náà, Cavaliers, Madison Scouts, Blue Stars, Troopers àti Santa Clara Vanguard para pọ̀ ní ọdún 1971 láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ìlà-oòrùn náà ṣe irú rẹ̀. Láti inú ìparapọ̀ yìí ni àjọ Drum Corps International, tí a ń pè ní DCI, ti jáde. Ìlú Whitewater ní Wisconsin ni wọ́n ti ṣe ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ ní ọdún 1972, Anaheim Kingsmen láti California ni ó sì gbégbá orókè.

Láti ìgbà náà ni òfin ohun èlò ti ń yí padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrè tí ó ní ohun ìtẹ̀ méjì gba àṣẹ ní ọdún 1977, oní-mẹ́ta ní ọdún 1990. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n gbà kí a gbé àwọn ohun èlò ńláńlá kalẹ̀ sí iwájú pápá dípò kí a máa gbé wọn kọ́rùn yan. Ní ọdún 2000, òfin tí ó ní ohùn G nìkan ni fèrè gbọ́dọ̀ wà dópin. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọlé ní ọdún 2004, dùùrù oníná tẹ̀lé e ní ọdún 2009, tròḿbóònù sì wọlé ní ọdún 2014. Iye ènìyàn inú ẹgbẹ́ kan, tí kò gbọdọ̀ ju 128 lọ tẹ́lẹ̀, di 135, ó sì tún di 150. Ọ̀pọ̀ nínú ìyípadà wọ̀nyí ni ó bí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Síbẹ̀, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kókó kan wà tí kò yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa níhìn-ín. Gbogbo ohun tí wọ́n jà lé lórí wọ̀nyí ni ojú ń rí, tí etí sì ń gbọ́. Ẹgbẹ́ tí ó gbé ohun tuntun wọ pápá kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ń sọ ní gbangba pé òfin náà ti há mọ́ òun lára. Irú ìrúfin bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti béèrè fún àtúnṣe.

Ìrúfin abẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí

Ti ọjọ́ orí kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ti kọjá ọmọ ọdún 21 kò ní àyè mọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. A lè rí ibi tí ìdẹwò wà. Ọdún tí ọwọ́ ọ̀dọ́ mọ ìlù jù, tí ó sì ti mọ gbogbo ọgbọ́n pápá, ni ọdún tí òfin ní kí ó kúrò. Ẹgbẹ́ tí ó bá pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ sí ìtò ti fi àgbà bá àwọn ọmọdé díje, kò sì sí adájọ́ kan tí yóò fi etí gbọ́ ọjọ́ orí nínú ohùn fèrè.

Ní ọdún 1975, nígbà tí ìdíje àṣekágbá DCI wáyé ní Philadelphia, wọ́n yọ ẹgbẹ́ Muchachos láti Hawthorne, New Jersey, kúrò nínú ìdíje nítorí pé ọjọ́ orí ẹni kan tí ó bá wọn kópa ti kọjá òdiwọ̀n. Madison Scouts ni ó gba ipò kìíní ní ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí a ro ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn pé déédéé. Àwọn náà ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ orin, wọ́n ti yan nínú oòrùn, wọ́n sì ti sùn nínú bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá ni wọ́n jẹ.

Ǹjẹ́ ìdájọ́ yìí tọ́? Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a yọ. Ṣùgbọ́n máàkì tí ẹgbẹ́ gbà kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí ohùn rẹ̀ bá ti wà nínú orin, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò nínú èsì. Ní èrò tiwa, ìdájọ́ náà bá òfin mu, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ kò sí lọ́rùn àwọn ọmọ. Iṣẹ́ àgbà ni láti yẹ ìwé ẹ̀rí ọjọ́-ìbí wò kí ìlù àkọ́kọ́ tó dún.

Òfin ọjọ́ orí kò parẹ́ bí ti fèrè. Ìdí ni pé bí a bá mú un kúrò, àwọn tí ó ti dàgbà ni yóò gba àyè àwọn ọ̀dọ́. Kò sì ti ilẹ̀kùn orin mọ́ àgbà: láti àwọn ọdún 1960 ni Drum Corps Associates ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìdíje fún àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní òpin ọjọ́ orí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ìkópa tí kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò lè dúró pẹ́. Madison Scouts, tí ó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀, kéde ní ọdún 2019 pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀tọ́ àwọn àgbà

Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn kan ní Philadelphia gbé ẹ̀rí àwọn obìnrin jáde, tí wọ́n fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ tí ó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ kan olùdarí ẹgbẹ́ olókìkí kan. Àwọn ẹ̀sùn náà nà sẹ́yìn dé ọ̀pọ̀ ọdún. Olùdarí náà fi ipò sílẹ̀, DCI sì tún òfin rẹ̀ lórí ààbò àwọn ọ̀dọ́ àti ìwà àwọn olùkọ́ ṣe kí ó lè túbọ̀ le.

Ibí ni ìtàn yìí ti di ẹ̀kọ́. Àwọn adájọ́ ti ń wo bàtà, wọ́n ń ka ohun ìtẹ̀ ara fèrè, wọ́n ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ. Ta ni ó ń yẹ ìwà olùkọ́ wò? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ife-ẹ̀yẹ wo ni ó lè dí ojú egbò náà?

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìrúfin gbangba àti ìrúfin ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ti gbangba máa ń tún òfin ṣe. Ti ìkọ̀kọ̀ máa ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Olùkọ́ tí yóò ṣètò ìdíje fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ òfin tí ó lè dẹ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ dẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ohun tuntun wá, kí ó fi sùúrù gbọ́ ọ. Bí a bá ní kí ó fi ọwọ́ sí ọjọ́ orí tí kì í ṣe òótọ́, kí ó kọ̀. Kí ó sì rántí pé kí òun tó béèrè ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ pápá, ó yẹ kí òun kọ́kọ́ béèrè bóyá òun fúnra òun yẹ ní ẹni tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀.