Láti Inú Àbà dé Orí Bẹ́ẹ̀dì: Ìtàn Dídè Aláìsàn

Ẹni tí ó bá mọ oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀, mọ̀ pé jàǹbá ọkọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní Rẹ́mọ. Ẹni tí ó fi orí gbá nínú irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ lè ta jí nílé ìwòsàn kí ó má mọ ibi tí ó wà. Yóò máa jà, yóò sì fẹ́ fa rọ́bà tí ó ń gbé èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yọ. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì lè mú báńdéèjì, kí ó fi de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Ìyá tí ó bá rí i yóò bèèrè pé: ṣé aláìsàn ni ọmọ òun ni, tàbí ẹlẹ́wọ̀n?

Ìbéèrè náà ti pẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn onísègùn Yorùbá a máa kan àbà mọ́ aṣíwèrè lẹ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é, kí wọ́n sì fún un ní àgbo asòfẹ́yẹjẹ tí ń múni sùn. Bí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, wọn a tú u. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ohun tí ó yàtọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ilé aṣíwèrè Yábàá; òfin ọdún 1916 sì fún ìjọba ní agbára láti ti aṣíwèrè mọ́lé. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú ń ti ojú ogun bọ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Lantoro, Abẹ́òkúta, ni wọ́n sọ di ilé ìtọ́jú wọn.

Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ṣùgbọ́n ó ní kí ìbátan kan bá olúkúlùkù wọn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mójú tó o. Oògùn òyìnbó ìgbà náà ṣèrànwọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀, ojú ìyá tàbí ti àbúrò ni ó gba ipò okùn.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ náà ni ó bí ìtọ́jú àkànṣe. Nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, ní Dẹ́nmáàkì, ní ọdún 1952, Dókítà Bjørn Ibsen kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kí aláìsàn lè máa mí. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jókòó ti àwọn aláìsàn náà, tọ̀sán tòru. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ wọn ṣe, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì dín kù. Níbi tí nọ́ọ̀sì kò ti pọ̀ tó, okùn tún padà dé.

Àwọn tí ń dè ènìyàn ní àwíjàre. A ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn. Òótọ́ ni: ẹni tí ó bá fa rọ́bà yọ lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí oríṣiríṣi ti rí i pé àwọn tí a dè náà ń fà á yọ, pé okùn a máa dá egbò sí ọrùn ọwọ́, a sì máa dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọkàn. Ní Bìrìtìkó, wọn kì í sábà dè ọwọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà pa òfin àtijọ́ nì tì, ó sì fi ààlà sí dídè aláìsàn ọpọlọ. Òfin nìkan kò lè tú okùn wọ́ọ̀dù. Kí a mú ìrora rọlẹ̀, kí a yọ rọ́bà ní kété tí ó bá yẹ, kí a fi kún àwọn nọ́ọ̀sì. Kí a sì jẹ́ kí ìyá tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọlé, kí ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kí ó sì pè é ní oríkì.