Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Afẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ilé-Ẹ̀kọ́: Ìtàn United States Power Squadrons Láti 1912

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn kan kó ara wọn jọ láti máa fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni owó, ọtí àti afẹ́. Èrò yìí kò jìnnà sí òtítọ́ ní ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn olówó ló dá wọn sílẹ̀, àwọn olówó náà ló sì ń lò wọ́n. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò bá èrò yìí mu tán. Ẹgbẹ́ náà ni United States Power Squadrons, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní àgbègbè Boston ní 1912, tí ó sì di ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní 1914. Fàájì ló bí i, aṣọ ológun ló wọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí ó kú. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti tọpa bí ẹ̀kọ́ ṣe gba ipò iwájú nínú ẹgbẹ́ náà, àti láti fi hàn pé ẹgbẹ́ tó ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé pẹ́ púpọ̀ kí ó tó ṣí ìlẹ̀kùn ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fún àwọn obìnrin.

Ní àwùjọ tí omi ti jẹ́ ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà, kò sẹ́ni tó nílò ẹgbẹ́ kí ó tó mọ ọkọ̀ wà. Ọmọ Ìlàjẹ a máa bá òbí rẹ̀ jókòó nínú ọkọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè gbé àjẹ̀. Ojú ló fi ń kọ́ ọ, ara rẹ̀ ló sì fi ń gbà á. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn apẹja etíkun Massachusetts. Ẹni tí ìṣòro bá ni ará ìgboro, onísòwò, agbẹjọ́rò tàbí dókítà, tó ra ọkọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó sì fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ jáde sójú òkun ní ọjọ́ Àìkú. Bàbá rẹ̀ kò wa ọkọ̀ rí. Ta ni yóò kọ́ ọ?

Ẹ̀ńjìnnì dé

Ìbéèrè yìí kò le tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìgbòkun ṣì jẹ́ ọba lójú omi. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìgbòkun fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá kì í lè kúrò ní èbúté. Bí ó bá sì kúrò, kì í jìnnà. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì kékeré tó ń lo epo bẹntiróòlù wá gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ìdènà yìí wó lulẹ̀. Wákàtí kan péré ti tó kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa omi bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti rí ilẹ̀ mọ́, kí kùrukùru sì bò ó. Àwọn àgbà onígbòkun kò fẹ́ràn ọkọ̀ tuntun yìí rárá. Wọ́n ní ó ń pariwo, wọ́n ní ó ń rùn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, àlejò ni ọlọ́kọ̀ ẹ̀ńjìnnì jẹ́.

Roger Upton, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Boston Yacht Club, ló wá ọ̀nà láti sọ àlejò yìí di onílé. Ní 1912, ó kó àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀ńjìnnì inú ẹgbẹ́ náà jọ, ó sì fi ìlànà àwọn ọmọ-ogun ojú omi darí wọn: kí ọkọ̀ máa tẹ̀lé ara wọn ní ìlà tó gún, kí wọ́n máa fi àsíá bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí àṣẹ bá ti jáde. Ìwà ológun yìí kò yani lẹ́nu, nítorí pé àwọn ọkùnrin ìgbà náà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹgbẹ́ tuntun náà sọ ìdánwò di ẹnu-ọ̀nà. Owó nìkan kò lè mú ènìyàn wọlé. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ ọkọ̀ darí. Láàrin àwọn ẹgbẹ́ afẹ́, àrà ọ̀tọ̀ ni èyí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé 1914, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ 20 pàdé ní ilé New York Yacht Club, wọ́n sì dá United States Power Squadrons sílẹ̀, pẹ̀lú Upton gẹ́gẹ́ bí olórí àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ náà ni Charles F. Chapman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé-ìròyìn Motor Boating. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ wọ ogun àgbáyé kìn-ín-ní, Franklin D. Roosevelt, tó jẹ́ igbákejì akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun ojú omi nígbà náà, tó sì wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, ní kí Chapman kọ ìwé tí wọn yóò fi kọ́ àwọn tí yóò darí ọkọ̀ kéékèèké. Ìwé náà jáde ní 1917. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1922, wọ́n sì ń tún un ṣe jáde láti ìgbà dé ìgbà. Ó lé ní 100 ọdún báyìí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń kà á. Ogun parí ní 1918, ṣùgbọ́n ìwé kò parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, àlàáfíà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kí ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe bí ọmọ-ogun fẹ́ ṣe nígbà tí kò sí ogun? Ẹ̀kọ́ ló ṣẹ́kù, òun sì ni wọ́n gbá mú. Láàrin ogun méjèèjì, àwọn ẹ̀ka tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Oyè ológun kò kúrò o. Títí di òní, ẹni tó ń darí ẹ̀ka ìlú kan, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníṣẹ́ báńkì tàbí tíṣà, oyè ọ̀gágun ni wọ́n fi ń pè é.

Ọdún kan nínú ẹ̀ka ìlú

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ náà jẹ́ ní tòótọ́, kì í ṣe ìpàdé orílẹ̀-èdè ni kí ó lọ wò, bí kò ṣe ẹ̀ka kékeré kan ní ìlú etíkun ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà òtútù. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, wọ́n sì ti da tapólì bò ó. Àkókò yìí gan-an ni ilé-ìwé ń ṣí. Ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a péjọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama tàbí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ìlú. Àwọn kan ti ní ọkọ̀ láti ogún ọdún. Àwọn mìíràn kò tíì rà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohun tí kò gbọdọ̀ má yé ènìyàn. Bí ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì méjì bá fẹ́ gba iwájú ara wọn kọjá, èyí tó bá rí èkejì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà fún un. Ní òru, iná pupa ni ti apá òsì ọkọ̀, iná àwọ̀ ewé ni ti apá ọ̀tún. Bí ènìyàn bá ń ti òkun bọ̀ wá sí èbúté, apá ọ̀tún rẹ̀ ni kí ó fi àwọn àmì pupa tó léfòó sí. (Òdìkejì èyí ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà àti ní Yúróòpù, níbi tí pupa ti ń wà lápá òsì. Atukọ̀ tó bá ti ibì kan lọ sí ibòmíràn láìmọ èyí lè gun orí àpáta pẹ̀lú ìgboyà.) Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń kọ́ okùn síso, bí a ti ń ju ìdákọ̀ró, àti ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí iná bá sọ nínú ọkọ̀.

Ẹni tí omi bá wọ̀ lára a tẹ̀síwájú sí ẹ̀kọ́ máàpù omi. Níbẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí èbúté kan bá jìn ní máìlì òkun 6, tí ọkọ̀ sì ń sá máìlì òkun 12 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 30 ni yóò fi débẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 40 bá wá kọjá tí èbúté kò yọjú, ó yẹ kí atukọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti yí, kí ó dẹwọ́ eré, kí ó sì wo ibi tí ìṣàn omi ti gbé òun lọ. Ìpele mìíràn wà fún ìkún àti ìfà òkun. Ní ìpele méjì tó ga jù, akẹ́kọ̀ọ́ a fi irin-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní sextant wọn oòrùn, lẹ́yìn náà òṣùpá àti ìràwọ̀, láti mọ ibi tí òun wà lójú agbami. Àwọn kan ti bi wọ́n pé kí ni ìwúlò èyí nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti ọ̀run lè sọ ibi tí ènìyàn wà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdáhùn wọn ni pé bátìrì a máa kú.

Àwọn olùkọ́ kì í gba owó iṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe iṣẹ́ ribiribi láàrin ọdún ń gba àmì ìdánilọ́lá kan fún ọdún náà, ẹni tó bá sì gba 25 irú àmì bẹ́ẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé. Èyí túmọ̀ sí pé ó kéré tán, ọdún 25 ni yóò fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí yìnyín bá yọ́, iṣẹ́ a bọ́ sí etí omi. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní kí wọ́n wá yẹ ọkọ̀ òun wò lọ́fẹ̀ẹ́: ṣé ẹ̀wù ìléfòó, tí àwọn ará etí omi ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kárí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀? Ṣé ohun ìpaná wà, ṣé iná òru ń tàn? Bí ọkọ̀ bá yege, wọ́n a lẹ àmì mọ́ ọn; bí kò bá yege, wọ́n a sọ ohun tó kù fún olówó rẹ̀, kò sì sí ìtanràn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá. Láti 1963 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún ti ń ran iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe máàpù omi lọ́wọ́: bí àmì kan bá ti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ tàbí tí ilé tí máàpù ń fi júwe ọ̀nà bá ti wó, wọ́n a kọ̀wé ránṣẹ́.

Fàájì náà wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n a jọ wakọ̀ lọ sí etíkun kan, wọ́n a so ọkọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n a jẹun, wọ́n a sì máa ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì bí ẹni ń lọ kí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í jìnnà sí fàájì wọn. Ìdíje kan wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀ńjìnnì fẹ́ràn, tí kì í ṣe eré sísá rárá. Kí ó tó gbéra, atukọ̀ a kọ àkókò tí yóò gbà á láti dé ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a wakọ̀ láìwo aago. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá súnmọ́ ohun tó kọ jù lọ ló borí.

Ìlẹ̀kùn tó pẹ́ kó tó ṣí

Àwọn obìnrin wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́. Wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí yẹn kò sọ wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́. Obìnrin lè mọ ojú ìràwọ̀ ju ọkọ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọkọ ni yóò dìbò ní ìpàdé. Ní 1982 ni ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, ìyẹn ọdún 68 lẹ́yìn ìdásílẹ̀. Kò sí àwáwí tó bá èyí mu. Ẹgbẹ́ tó ní ìmọ̀ ni òun fi ń yan ènìyàn, tí kì í ṣe owó, ti ń fi ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí ìmọ̀ yan ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí pẹ̀lú, nítorí pé nínú ọkọ̀ ẹbí, bí ọkọ bá já sínú omi, aya ni yóò yí ọkọ̀ padà wá gbé e.

Ẹ̀kọ́ àti ikú

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni ikú. Ní 1973, ènìyàn 1,754 ló kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ afẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun orílẹ̀-èdè náà ka 564, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ọkọ̀ tó wà nínú ìwé ìjọba ti pọ̀ sí i gan-an láàrin àkókò náà. Àṣejù ni yóò jẹ́ láti gbé ògo èyí fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Òfin 1971 fi dandan lé bí wọn yóò ṣe máa kan ọkọ̀ tuntun, ó sì fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó. Ẹ̀wù ìléfòó dára sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun náà ní ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ tiwọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, tó ń kọ́ni pẹ̀lú. Àmọ́ ìṣirò 2023 yẹn kan náà fi hàn pé ìdá 75 nínú 100 àwọn tó kú ló wà nínú ọkọ̀ tí ẹni tó ń darí rẹ̀ kò gba ẹ̀kọ́ ààbò kankan. Nínú àwọn tó rì sómi, ìdá 87 nínú 100 ni kò wọ ẹ̀wù ìléfòó.

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, iye ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dínkù, bẹ́ẹ̀ sì ni ó kù díẹ̀ kí 2020 pé tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tuntun, America's Boating Club, ṣe ìpolówó ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti sọ ẹ̀kọ́ ọkọ̀ di dandan báyìí, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é. Ènìyàn lè jókòó sílé, kí ó dáhùn ìbéèrè, kí ó sì gba ìwé-ẹ̀rí láìfọwọ́ kan okùn tútù rí. Ẹgbẹ́ wá dá ètò ìwé-ẹ̀rí kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé inú omi ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a wa ọkọ̀ lójú olùyẹ̀wò, a gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ èbúté láìkọ lù ú. Olùyẹ̀wò a sì ju ohun kan tó léfòó sínú omi láìròtẹ́lẹ̀, a pariwo pé ènìyàn ti já sómi, a wá dákẹ́, kí ó lè wo bí ẹni tó di ọkọ̀ mú yóò ṣe yí padà.