Ìbọn ìléwọ́ lábẹ́ aṣọ: ohun tó yẹ kí ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀

Fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára pọ̀ lórí YouTube àti Facebook. Àwọn kan ń fi há ìbàdí, àwọn kan ń so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, àwọn obìnrin ń fi sínú báàgì. Ẹni tó bá ń wò ó láti Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lè máa bi ara rẹ̀ pé èwo ló dáa jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa: lábẹ́ òfin Nàìjíríà, kò sí èyí tó dáa fún aráàlú níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé.

Kí ló ń jẹ́ kí èèyàn ronú kan ìbọn?

Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì nídìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn agbébọn jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní ilé ẹ̀kọ́ Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ ní Model College tó wà ní Igbonla, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́; ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó padà sílé. Láàárín ọdún méjì yẹn kan náà làwọn Badoo ń wọ ilé onílé lóru ní Ìkòròdú, tí wọ́n ń pa bàbá, ìyá àtọmọ. Ẹni tó bá rántí gbogbo èyí kò ní bú ẹni tó ń wá ohun tó máa fi gba ara rẹ̀ là. Àmọ́ ẹ̀rù kì í yí òfin padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin pín ìbọn sí

Òfin tó ń darí ìbọn lórílẹ̀-èdè yìí, Firearms Act, ti wà láti ọdún 1959.

Ìpín kìíní ni àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀. Àwọn ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti bọ́ǹbù wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà, títí kan èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ. Ààrẹ Nàìjíríà nìkan ló láṣẹ láti fún èèyàn ní ìwé àṣẹ fún un. DPO kò lè fún yín, kọmíṣọ́nnà kò lè fún yín. Bí ẹnì kan bá ní òun máa bá yín ṣe "páálí" ìbọn ìléwọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, jìbìtì ló fẹ́ lù yín.

Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ olójú kan tàbí olójú méjì, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Àwọn ọlọ́pàá lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ fún ìwọ̀nyí, ọdọọdún sì ni wọ́n ń tún un ṣe. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú ń dùn, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Pump action kò sí nínú ìpín yìí.

Ìpín kẹta ni ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun kò nílò ìwé. Irọ́ ni, ó nílò ìwé àṣẹ.

Bí wọ́n bá mú èèyàn ńkọ́?

Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn ìléwọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìsí àṣẹ Ààrẹ, òfin yìí ní ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10. Kò dìgbà tó bá yìn ín. Kó wà ní ìbàdí yín, lábẹ́ àga ọkọ̀ tàbí nínú àpótí aṣọ, ó ti tó ẹ̀sùn. "Mo fi ń ṣọ́ra ni" kò ní gbà yín sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 33, gbà kí èèyàn gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é léṣe, bí agbára tó lò kò bá kọjá ohun tó yẹ. Ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara ẹni nìyẹn. Kì í ṣe ìwé àṣẹ ìbọn.

Ẹ tún ro ti ẹ̀mí yín. Bí ọlọ́pàá bá rí ìbọn lábẹ́ aṣọ yín lójú ọ̀nà lóru, adigunjalè ló máa kọ́kọ́ rò pé ẹ jẹ́. Àwọn ará àdúgbò tó bá rí i náà lè má dúró gbọ́ àlàyé.

Ìlú òyìnbó kò rí bákan náà

Ní Texas, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò kà léèwọ̀ fún lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn kan ní Dunblane, ní Scotland, lọ́dún 1996, ìjọba fòfin de ìbọn ìléwọ́ fún aráàlú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe ní Houston kò ṣe é ṣe fún èyí tó wà ní London, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Ìkòròdú.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ẹ tọ́jú nọ́ńbà 767 àti 112 sórí fóònù gbogbo ará ilé. Ọ̀fẹ́ ni pípè wọn ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa júwe ilé.

• Ẹ máa lọ sí ìpàdé CDA. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ géètì, iná òpópónà àti owó ọlọ́dẹ ti ń yanjú.

• Bí àjèjì bá ń rìn yíká àdúgbò, ẹ fi tó àwọn Neighbourhood Safety Corps létí. Wọn kì í gbé ìbọn, àmọ́ iṣẹ́ wọn ni láti ta ọlọ́pàá lólobó.

• Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbọn ọdẹ pẹ̀lú ìwé, ẹ yọ ọta kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ bá délé. Ẹ ti ìbọn mọ́bì kan, ẹ ti ọta mọ́bì mìíràn, kí ọmọdé má rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

• Bí bàbá bá kú tó fi ìbọn sílẹ̀, kì í ṣe ogún tí ẹ máa pín. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé. Ẹ lọ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí.

• Bí ẹ bá rí ìbọn nínú igbó tàbí létí ọ̀sà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì dúró jìnnà sí i.