Ọkọ̀ Tí Ó Dúró Jẹ́ẹ́: Ìtàn Òfin àti Owó Gbà-má-bínú ní Ìgboro Ìbìní

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú rárá ni àwọn Òyìnbó ti ń ròyìn bí títì ìlú Ìbìní ti fẹ̀ tó. Nínú ìwé tí Pieter de Marees, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1602, a kà á pé títì ńlá kan wà ní ìlú náà tí ó fẹ̀ ju ọ̀kan nínú àwọn títì Amsterdam lọ ní ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹṣin àwọn ìjòyè ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà náà. Lóde òní, ní àyíká Gbàgede Ọba Ovonramwen, tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí Ring Road, níbi tí ọ̀nà Sapele, Sakponba, Akpakpava, Mission àti Airport ti ń pàdé ara wọn, gbogbo fífẹ̀ náà kò tó nǹkan mọ́. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí Ọjà Ọba, tí ó wọlé lọ ra nǹkan, bí ó bá padà dé, yóò kọ́kọ́ yí ọkọ̀ náà ká wò kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

Ohun tí ó sì ń rí kì í sábà ju nǹkan kékeré lọ: bọ́ńpà tí ó ti wọnú, iná ẹ̀yìn tí ó fọ́, ilẹ̀kùn tí a ha láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò farapa. Àmọ́ ẹjọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòroó rò, nítorí pé olówó rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, kò sì lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Bí olùtajà ẹ̀gbẹ́ títì kò bá wí, bí ẹni tí ó gbá a kò bá dúró, a jẹ́ pé olúwa rẹ̀ yóò gba kámú ni.

Ní ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ń wa mọ́tò lójú títì ní ìwé adójútòfò nítorí ẹlòmíràn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1950 ni òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ni gbogbo awakọ̀ mọ̀ sí third party. Onímọ́tò ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹnì kejì. Ẹnì kẹta ni ẹni-ẹlẹ́ni tí mọ́tò ṣe ní jàǹbá láìrò tẹ́lẹ̀. Èrò náà dára púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò ní ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá pa ènìyàn lára.

Ṣùgbọ́n ikú àti ìfarapa nìkan ni òfin náà kà sí. Bí mọ́tò bá ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ sanwó. Bí ó bá fọ́ iná mọ́tò ẹlòmíràn, òfin dákẹ́. Òótọ́ ni pé ẹni tí a ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ lè pe ẹjọ́ ní kóòtù pé awakọ̀ náà kò ṣọ́ra. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ yé adájọ́, nítorí pé ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò lè sáré wá pàdé ẹni tí ó gbá a. Ta ni yóò wá gba lọ́yà nítorí iná ẹ̀yìn kan ṣoṣo? Owó ẹjọ́ yóò ju owó iná lọ.

Kò yẹ kí a rò pé nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni wá ni a fi ṣe òfin náà lábọ̀. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ó kọ́kọ́ sọ irú ìwé yìí di dandan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1927. Ìfarapa ènìyàn ni tiwọn náà dúró lé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti wo àwòkọ́ òfin wa, ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1930, ó sì di òpin ọdún 1988 kí wọ́n tó fi bíba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́ kún dandan. Fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta gbáko ni olówó mọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá fi wà nínú ewu kan náà.

Láàárín àkókò yìí ni mọ́tò ń pọ̀ sí i ní Ìbìní. Nígbà tí Samuel Ogbemudia jẹ́ gómìnà, láti 1967 dé 1975, ó la ọ̀nà púpọ̀ nínú ìlú náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Owó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ní 1975 kan náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó. Ọ̀rọ̀ adójútòfò sì gbilẹ̀ ní Ìbìní lọ́nà kan tí kò wọ́pọ̀ níbòmíràn: orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìpínlẹ̀ náà ni a fi sọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Bendel Insurance gba ife Challenge Cup ní 1978 àti 1980, wọ́n sì tún gba irú ife náà ní 2023. Ọmọdé tí kò mọ ohun tí ìwé adójútòfò ń ṣe ń fi gbogbo ohùn pe Insurance ní pápá Ogbe!

Nígbà tí òfin dákẹ́, àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì ni kóòtù wọn. Bí a bá mú ẹni tí ó gbá ọkọ̀, àwọn èrò á péjọ. Àgbàlagbà kan á bọ́ síwájú. Ẹlẹ́bi á bẹ̀bẹ̀, nígbà mìíràn ní èdè Ẹdó, nígbà púpọ̀ ní pídgìn, nítorí pé Yorùbá, Urhobo, Ìgbò àti Ẹdó ni ó ń gbé ìlú náà pọ̀. Bí ó bá sẹ́, wọ́n lè ní kí ó fi irin kan ẹnu, nítorí Ògún ni Yorùbá àti Ẹdó jọ ń pe òrìṣà irin, kò sì sí awakọ̀ tí ń fi Ògún ṣeré. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ránṣẹ́ pe panẹ́bítà, ẹni tí ń fi òòlù na ara mọ́tò, kí ó wá díye lé e.

Ibẹ̀ ni ìjà gan-an máa ń wà. Panẹ́bítà lè na ilẹ̀kùn náà títọ́, kí ó fi pọ́tì dí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun kì í bá ọ̀dà àtijọ́ mu tán. Oòrùn ti pa ti àtijọ́ dà. Nítorí náà ni olówó ọkọ̀ fi ń sọ pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà ni kí a fín lọ́dà, tí ẹlẹ́bi sì ń sọ pé ojú ibi tí òun gbá nìkan ni òun yóò san. Àwọn méjèèjì ni ó jàre níwọ̀n. Láti ìgbà tí tòkunbọ̀ sì ti gba ìgboro, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i: ẹni tí ó fẹ́ ra mọ́tò á béèrè bóyá first body ni, èyí ni pé ọ̀dà tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ kò tí ì ṣí. Ẹni tí a ha ilẹ̀kùn rẹ̀ pàdánù owó tí òòlù panẹ́bítà kò lè dá padà, kò sì sí ẹni tí ń ṣírò èyí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Òfin Adójútòfò ọdún 2003, ní abala 68, wá kan dúkìá. Ó ní ìwé third party gbọ́dọ̀ gbé ohun ìní ẹnì kẹta tí a bà jẹ́ títí dé mílíọ̀nù kan náírà, ó kéré tán. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM sọ owó ìwé náà di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ara ẹni, láti 5,000 tí ó wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì gbé ohun tí a lè gbà lórí dúkìá dé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìwé náà wò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ẹlẹ́bi ni a ti ń gba owó náà, kì í ṣe ti ẹni tí a gbá. Ẹni tí a gbá nílò nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, àwòrán ibi tí ó bàjẹ́, ìwé ọlọ́pàá, àti iye owó tí oníṣẹ́ kọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà lè rán ẹni tirẹ̀ wá wò ó. Ìrìn yìí pọ̀ fún ilẹ̀kùn kan. Ẹni tí ó ní ìwé comprehensive, tí ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ náà, lè gbà á lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pàdánù ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò gba owó rí. Bí ìwé ẹlẹ́bi bá jẹ́ ayédèrú, irú èyí tí a ń rà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láìdé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan, gbogbo ìrìn náà di òfo. Ìdí nìyí tí òfin fi dé tán, tí wọ́n sì tún ń ránṣẹ́ pe panẹ́bítà ní ọ̀nà Sakponba.