Bàtà Ti Wà Kí Bata Tó Dé

Ìtàn kan wà tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀, ní Odògbólú àti jákèjádò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní orúkọ ilé-iṣẹ́ Bata la sọ di "bàtà", pé ibẹ̀ náà ni "sálúbàtà" tí à ń kì bọ ẹsẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Pátákó Bata ni wọ́n dàgbà bá nígboro, bàtà Bata ni ọ̀pọ̀ wọn sì wọ lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì, Antonín àti Anna, dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Zlín, ìlú kan ní ilẹ̀ Czech òde òní. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n fi pè é. Odidi Bíbélì Yorùbá sì ti jáde lọ́dún 1884. Bàtà ni Mósè bọ́ nídìí igbó tó ń jó, okùn bàtà ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní òun ò tó tú. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ náà, kú lọ́dún 1891. Ẹni tó ti wọ káà ilẹ̀ lọ́dún mẹ́ta ṣáájú kò lè yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá sílẹ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ náà tún ń jẹ́rìí. Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tá a bá yá a lẹ́nu òyìnbó: tíṣà, mọ́tò, rọ́bà, lọ́yà. Òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń parí sí. Ká ní ti Bata ni, "bátà" làwọn ìyá wa ì bá máa pè é. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló tajà fún Haúsá àti Ígbò, síbẹ̀ takalmi ni Haúsá ń pè é, akpụkpọ ụkwụ ni Ígbò ń pè é. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Yorùbá nìkan ni kò lórúkọ tirẹ̀?

Àwọn kan á ní inú ọ̀rọ̀ sapato àwọn Potogí ni bàtà ti wá, àwọn mìíràn á tọ́ka sí Lárúbáwá. Ìyẹn ṣeé jiyàn lé, torí àwọn wọ̀nyẹn ti bá wa pàdé tipẹ́tipẹ́. Ti Bata kò ṣeé jiyàn lé rárá.

Ẹ wo sálúbàtà fúnra rẹ̀: àtẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, awọ tó dábùú orí ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ ní gbangba. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ ó rí i lẹ́sẹ̀ àwọn Régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n fi aṣọ òkè bò ó, tí báàgì ọwọ́ sì bá a mu. Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn, ó sì dùn mí pé à ń fi ìpìlẹ̀ orúkọ rẹ̀ tọrẹ fún oníṣòwò Zlín.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Odògbólú, bí ọmọ bá tún sọ ọ́ ní kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ 1884 àti 1894 sí ojú pátákó fún un.