Èyí Tó Ṣẹ́kù Nínú Ike

5:40 àárọ̀. Gáàsì tán lábẹ́ ìkòkò ògì. Iná náà pọ́n, ó gbọ̀n, ó kú. Ìyá àgbà mi sílíńdà, kò gbọ́ ìró kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó ń rọ gáàsì ní Òkè-Àdó kì í tètè ṣí, ìyá ọmọ sì gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní aago méje. Ògì kò tíì jiná. Nínú yàrá, ọmọkùnrin tó pé oṣù mẹ́rìnlá ṣì ń sùn. Ó fi ọwọ́ kan ti àgbọ̀n.

5:55. Ìyá àgbà fa sítóòfù jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lò ó gbẹ̀yìn, òwú inú rẹ̀ ti gbẹ. Ó fẹ́ rán ọmọ aládùúgbò lọ sísàlẹ̀ àdúgbò, ó wá ohun tí ọmọ náà yóò gbé dání. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti là. Ike omi oní 75cl kan wà lórí tábìlì. Wọ́n mu omi inú rẹ̀ tán lálẹ́ àná. Ó fún ọmọ náà ní ike àti owó.

6:10. Ike padà dé, ó kún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara. Bébà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán omi tó ń ṣàn. Ìyá àgbà da èyí tó pọ̀ jù sínú sítóòfù. Ó dé ike padà. Ìdérí náà wọ́, kò bá ojú rẹ̀ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n kò jò. Ó gbé e sílẹ̀, láàárín apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà àti ògiri. Bí ògì bá jiná, yóò gbé e sókè.

6:25. Ògì jiná. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ọmọ jí, ó ké. Ìyá àgbà lọ gbé e.

7:00. Ìyá ọmọ ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó fún ọmọ lọ́mú, ó wo ilé yíká kó tó gbé báàgì. Kò sí àìbìkítà nínú ilé yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kedere. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ìyá rẹ̀ dojú bolẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó sì fi ojú wá gbogbo ohun tí ọwọ́ kékeré lè tó. Blíìsì lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Oògùn èkúté kúrò nílé pátápátá. Ó lẹ téépù mọ́ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀. Ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ inú aago tó ti bàjẹ́, ó gbé e jù nù, nítorí ó ti gbọ́ pé bí irú rẹ̀ bá há sí ọmọ lọ́fun, láàárín wákàtí méjì ó lè jó ọ̀fun náà. Kò fi omi sílẹ̀ nínú garawa mọ́. Láàárọ̀ yìí, kò wo ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ tó yẹ ilé wò fínnífínní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

8:30. Ọmọ jókòó sórí ẹní. Hóró ìrẹsì gbígbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e mú un. Ó wò ó pẹ́. Ó fi sẹ́nu. Ìyá àgbà yọ ọ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ni ọmọ ti lè mú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹnu ló sì fi ń mọ ohun tí ọwọ́ bá mú. Wọ́n fún un ní agolo mílíìkì àti ṣíbí. Ó fi ṣíbí lu agolo. Ó lá ṣíbí. Ó tún lù ú.

9:15. Ìyá àgbà mu omi nínú ike omi mìíràn. Ọmọ na ọwọ́.

“Ọkọ mi, ṣé ìwọ náà fẹ́ mu?”

Ó da díẹ̀ sínú ìdérí, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé ike òfìfo, ó gbé orí sẹ́yìn, ó dà á sẹ́nu. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

10:40. Ìyá àgbà ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń lu agolo. Ó sá aṣọ ìnura. Ó sá ṣòkòtò méjì. Agolo dákẹ́.

10:44. Ó sá ìró kan sí i.

10:45. Ikọ́ kan. Kò le. Bíi ti ẹni tí omi pá lórí.

Ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà. Ìdérí wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àyà ẹ̀wù rẹ̀ tutù. Ike ti ṣubú, ohun inú rẹ̀ ń ṣàn lọ sábẹ́ sítóòfù. Òórùn rẹ̀ ti gba ilé ìdáná. Kẹrosíìnì. Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn ní àdúgbò púpọ̀: ẹni tó fẹ́ rà á ló ń gbé ike wá, ike omi ló sì pọ̀ jù nílé. Ọmọ kò mọ̀wé. Ẹni tó mọ̀wé gan-an, omi ni yóò kà lára rẹ̀.

10:48. Igbe ìyá àgbà mú aládùúgbò sáré wọlé. Aládùúgbò mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Ìyá tirẹ̀ ṣe é fún àbúrò rẹ̀ rí. Epo pupa wà lórí pẹpẹ. Ìyá àgbà gbé ọmọ lé itan, aládùúgbò la ẹnu rẹ̀. Ṣíbí kan. Ọmọ yí orí kúrò. Ṣíbí kejì. Ó ń ta ẹsẹ̀. Ìkẹta.

10:56. Ó bì. Èébì náà pupa, òórùn kẹrosíìnì sì wà nínú rẹ̀. Aládùúgbò kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“A dúpẹ́ o. Ó ti jáde.”

Wọ́n nu ẹnu ọmọ. Wọn kò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

11:10. Ikọ́ padà. Kì í ṣe ẹyọ kan mọ́.

11:30. Ọmọ ń tòògbé. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń mí. Awọ abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú. Aládùúgbò ní èébì ló mú kó rẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà kò fèsì. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá ọmọ.

12:05 ọ̀sán. Wọ́n wà ní ìjókòó ẹ̀yìn takisí Micra. Awakọ̀ ṣí gbogbo fèrèsé nítorí òórùn. Ọkọ̀ tò síwájú, wọn kò lọ. Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ọmọ, kò gbé e kúrò títí wọ́n fi dé.

12:40. Ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù náà, ó sì fi ọṣẹ àti omi wẹ àyà ọmọ. Awọ ibẹ̀ ti pọ́n. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. 64. Bí ti ọmọ tó ti pé ọdún kan bá ti dé 40, ó ti yá jù. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti wo bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. 86. Nọ́ọ̀sì ti ń na rọ́bà ọ́síjìn kí nọ́ńbà náà tó dúró.

12:55. Dókítà ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló mu? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Aago mélòó? Ṣé ó bì? Kí lẹ fún un? Nígbà tí ìyá àgbà dárúkọ epo pupa, ọwọ́ dókítà dúró díẹ̀, ó sì ń kọ lọ.

Ìyá ọmọ ti dé, káàdì ibi iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ṣé ẹ ò ní fọ inú rẹ̀ ni?”

“Rárá, Mà. A ò fẹ́ kó tún bì rárá.”

Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2:00. Wọ́n ya X-ray. Díẹ̀ ló hàn níbẹ̀. Ìyá ọmọ mí kanlẹ̀, ojú dókítà kò yí padà. “A ó tún un yà tó bá dìrọ̀lẹ́.”

5:30 ìrọ̀lẹ́. X-ray kejì. Nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ibi tó yẹ kó dúdú ti funfun. Ara ọmọ gbóná dé 38.7.

7:15 alẹ́. Bàbá ọmọ dé láti Ṣágámù. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.

8:00. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń wá. Ìyá àgbà ń sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ nípa ìdérí, ó ń sọ nípa ìró agolo. Bó bá dé ibi epo pupa, ohùn rẹ̀ ń le sí i. “Epo ló gbà á sílẹ̀.” Wọ́n ń kí i, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

9:40. Èémí ti lọ sílẹ̀ sí 54. Ìyá àgbà tẹ̀ lé dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Dókítà, ṣé epo tí mo fún un ló jẹ́ kó rọrùn tó báyìí?”

Dókítà fa àga fún un, òun náà jókòó.

“Màmá, kẹrosíìnì kì í ṣe ibi púpọ̀ nínú ikùn. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bàjẹ́. Kò kì, ó máa ń tàn kíákíá. Èyí tó ti dé ikùn, à bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ọmọ bá bì í, yóò tún kọjá lẹ́nu ọ̀nà èémí. Epo náà lè bá a wọbẹ̀.” Ó dúró díẹ̀. “Díẹ̀ lè ti wọlé nígbà tó kọ́kọ́ wúkọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wúkọ́,” ni ìyá àgbà wí. “Kò mí báyìí kó tó bì.”

Dókítà kò sọ nǹkan kan.

Ìyá àgbà ní kó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Ó tún un sọ.

10:20. Ìyá àgbà pe aládùúgbò. Ọmọ ọmọ aládùúgbò náà wà nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ìyá àgbà sọ ohun tí dókítà sọ, bó ṣe sọ ọ́. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má fún ọmọ ní epo, kí wọ́n má fún un ní mílíìkì, kí wọ́n má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí wọ́n sì máa gbé e bọ̀.

Aládùúgbò kò gbà. “Ṣùgbọ́n ó bì í jáde, Mà. Ṣebí ẹ̀yin náà rí i?”

“Mo rí i. Ìgbà yẹn náà ló wọlé.”