Ilé Ahoro àti Ìwà Ọ̀daràn ní Detroit
Ahoro yàtọ̀ sí àlàpà: àlàpà ti wó, ahoro ṣì dúró. Ahoro ni ó gba Detroit, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí iṣẹ́ mọ́tò-ṣíṣe dínkù, tí àwọn olùgbé ìlú náà, tí wọ́n lé ní 1,800,000 ní 1950, kù sí nǹkan bí 714,000 ní 2010. Ògiri àti òrùlé tí ó ṣì wà ni ọ̀daràn ń fi ara rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ pamọ́ sí. Láti 2014, ìjọba wó ilé tí ó lé ní 10,000. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2019 fi hàn pé, níbi tí wíwó náà ti pọ̀, fífi ìbọn kọluni dínkù ní ìdá 11 nínú 100. Òwò oògùn olóró kò dínkù. Kò yani lẹ́nu: ẹni tí ń tà á lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ní 2020, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí yíyá 250 mílíọ̀nù dọ́là láti wó àwọn kan, kí a sì tún àwọn mìíràn ṣe fún gbígbé.